Orúkọ aládùúgbò wà nínú ìwé, tèmi kò sí: bí ìjọba ṣe ń yan aláìní tó máa gbowó

Ìjọba á kéde pé òun fẹ́ pín owó fún àwọn aláìní. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ariwo á ti gba ìgboro: ta ló kọ orúkọ, ìgbà wo ni wọ́n kọ ọ́, kí ló dé tí opó ojúlé kẹta kò sí níbẹ̀ tí ẹni tó ń gun alùpùpù sì wà níbẹ̀? Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé wọ́n ti jí owó náà kó. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ ní ọwọ́ gbogbo ẹni tó kó ìwé náà jọ mọ́ tónítóní, opó yẹn ṣì lè bọ́ síta, torí pé ìjọba kò mọ iye tó ń wọlé fún un. Ṣe ló ń méfò. Bó ṣe ń méfò náà, àti ibi tí àṣìṣe ti ń yọ́ wọlé, la fẹ́ tú palẹ̀ níbí.

Kí ni wọ́n ń pè ní ètò ààbò aráàlú?

Owó tí wọ́n ń pín fún aláìní wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi wé òrùlé: ohun tó yẹ kó ti wà lókè kí òjò tó dé ni, kì í ṣe garawa tí à ń wá kiri nígbà tí omi ti kún yàrá. Òjò tí à ń wí ni àìsàn, ìbímọ, ọjọ́ ogbó, ìfarapa lẹ́nu iṣẹ́, àìríṣẹ́ṣe, ikú ẹni tó ń gbọ́ bùkátà ilé. Àdéhùn tí ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ṣe ní 1952 ka irú ewu bẹ́ẹ̀ sí mẹ́sàn-án. Ní 2012, àjọ kan náà wá sọ pé ó kéré tán, kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan gbìyànjú mẹ́rin fún gbogbo èèyàn: ìtọ́jú ìlera tí kò ṣeé máà ní, owó tó máa gbé ọmọdé ró, owó fún ẹni tó tó iṣẹ́ ṣe àmọ́ tí kò rí èyí tó tó jẹ, àti owó fún arúgbó.

Ọ̀nà méjì ni owó ń gbà wọlé sínú irú ètò yìí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pò ó pọ̀. Àkọ́kọ́ ni owó àjọdá: òṣìṣẹ́ àti ẹni tó gbà á síṣẹ́ jọ ń dá a lóṣooṣù, wọ́n á sì yọ nínú rẹ̀ nígbà àìsàn tàbí ìfẹ̀yìntì. Èkejì ni owó ìrànwọ́: inú àpò ìjọba ló ti ń jáde, ẹni tó ń gbà á kò dá nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Àgbẹ̀, alápatà kékeré, alágbàṣe, ẹni tó ń ta ẹrù lórí àtẹ, gbogbo wọn kò ní ọ̀gá tó lè bá wọn dá owó. Wọn kò sí nínú ti àkọ́kọ́, owó ìrànwọ́ nìkan ló sì kù fún wọn. Ìròyìn ILO ti 2024 sọ pé nínú èèyàn 100 láyé, nǹkan bí 52 ló ní ó kéré tán ẹyọ kan nínú irú ààbò bẹ́ẹ̀; èèyàn bílíọ̀nù 3.8 kò ní ìkankan. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tó tòṣì jù, àwọn tó ní in kò tó 10 nínú 100.

Ọ̀rọ̀ owó ìrànwọ́ ló kù tí a ó máa sọ láti ibí lọ, torí òun ló ń fa ìjà.

Ṣé kò rọrùn láti wo iye tó ń wọlé fún olúkúlùkù ni?

Kò rọrùn rárá. Níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń gba owó oṣù, ìwé owó orí á ti sọ iye tó ń wọlé. Níbi tó jẹ́ pé oko àti ọjà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń bọ́ lé, owó a máa wọlé lónìí kó máà wọlé lọ́la. Ìkórè kan lè gbé owó ọdún kan wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìdajì ohun tí ilé jẹ lè má kan ọjà rárá, nítorí oko wọn ló ti wá. Kò sí ìwé kankan tó gbé e. Bí ẹ bá sì bi onílé léèrè iye tó ń rí, tó sì mọ̀ pé owó ló wà ní ìdí ìbéèrè náà, ẹ ti mọ ìdáhùn tó máa fún yín.

Àwọn kan ṣì ń béèrè. Gúúsù Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ owó ìtọ́jú ọmọ ní 1998 fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 7, wọ́n sì ti gbé e gòkè títí dé ọmọ tí kò tíì pé 18. Alágbàtọ́ ọmọ ló ń sọ iye tó ń wọlé fún un, ìjọba á sì fi wé àwọn ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Brazil náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: ìdílé á lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n á sọ iye tó ń wọlé, orúkọ wọn á wọ ìwé tí wọ́n ń pè ní Cadastro Único, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2001. Ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù 24, ìdílé gbọ́dọ̀ padà wá tún un sọ. Ìwé tí ìjọba fi ń yẹ ọ̀rọ̀ wọn wò ló jẹ́ kó ṣeé ṣe. Níbi tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò sí, wọ́n á wá ọ̀nà mìíràn.

Ọ̀nà mìíràn wo ló wà?

Èyí tó rọrùn jù ni pé kí wọ́n mú ẹgbẹ́ kan lódindi láì bi ẹnikẹ́ni bó ṣe tòṣì tó. Lesotho bẹ̀rẹ̀ sí í san owó oṣooṣù fún gbogbo ẹni tó ti pé 70 ní 2004, àyàfi ẹni tó bá ti ń gba owó ìfẹ̀yìntì ìjọba. Nepal ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ láti 1995, fún ẹni ọdún 75 sókè. Ìwé ọjọ́ orí nìkan ni ìjà ibẹ̀: ẹni tí wọ́n bí nígbà tí kò sẹ́ni tó ń kọ ọjọ́ ìbí sílẹ̀, kí ló máa fi hàn? Owó rẹ̀ sì pọ̀ lọ́rùn ìjọba, torí arúgbó tó lówó àti èyí tí kò ní jọ ń gbà á ni.

Òmíràn ni pé kí wọ́n fi iṣẹ́ ṣe asẹ́. Wọ́n á là ọ̀nà, wọ́n á gbẹ́ adágún, wọ́n á gbin igi, owó iṣẹ́ á sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó rí jẹ kò ní wá. Òfin tí Íńdíà ṣe ní 2005 fún ilé kọ̀ọ̀kan ní ìgbèríko ní ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ ọjọ́ 100 lọ́dún. Bí ọjọ́ 15 bá kọjá lẹ́yìn tí wọ́n tọrọ iṣẹ́ tí wọn kò rí i, ìjọba ní láti san owó gbà-má-bínú. Ètò Ethiopia tí wọ́n ń pè ní PSNP bẹ̀rẹ̀ lọ́dún kan náà, òun sì tètè rí àléébù tó wà níbẹ̀: aláboyún, arúgbó àti aláàbọ̀ ara kò lè gbé òkúta. Nítorí náà, ilé tí kò ní ẹni tó lágbára ń gba tirẹ̀ láì ṣiṣẹ́.

Ọ̀nà méjì tó kù ló ń bí ariwo tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀: fífi máàkì díwọ̀n ilé, àti pípe ìlú jọ kí wọ́n fẹnu ara wọn yan aláìní. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lo méjèèjì pọ̀.

Kí ni oníbéèrè tó kan ilẹ̀kùn ń kọ sílẹ̀?

Á dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tábúlẹ́ẹ̀tì tàbí bébà lọ́wọ́. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni: èèyàn mélòó ló ń jẹun láti inú ìkòkò kan náà nínú ilé yìí? Ìkòkò ni wọ́n fi ń mọ ibi tí ìdílé kan parí sí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ògiri. Lẹ́yìn náà: yàrá mélòó lẹ fi ń sùn? Ilẹ̀ yàrá ńkọ́, ṣé sìmẹ́ńtì ni àbí amọ̀? Kí ló wà lórí ilé? Níbo lẹ ti ń pọn omi? Kí lẹ fi ń dáná? Ìwé mélòó ni olórí ilé kà? Ẹ ní rédíò, kẹ̀kẹ́, alùpùpù, ewúrẹ́? Ọmọ mélòó ni kò tíì pé ọdún 15? Á dúpẹ́, á kọjá sí ojúlé kejì. Kò béèrè owó, kì í sì í ṣe pé ó gbàgbé.

Ohun tó wà lẹ́yìn ìbéèrè wọ̀nyí ni ìṣirò kan tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀. Àwọn oníṣirò ìjọba á kọ́kọ́ mú ẹgbẹ̀rún ilé mélòó kan káàkiri orílẹ̀-èdè, wọ́n á sì bá wọn kọ gbogbo ohun tí wọ́n jẹ, tí wọ́n rà, tí wọ́n wà lóko. Iṣẹ́ ńlá ni, kò ṣeé ṣe fún gbogbo ilé. Wọ́n á wá wò ó: àwọn ilé tí oúnjẹ wọn kéré jù, kí ni wọ́n jọ ní? Bóyá ilẹ̀ amọ̀, ọmọ púpọ̀, kò sẹ́ni tó parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohun kọ̀ọ̀kan á ní máàkì tirẹ̀. Ìbéèrè ráńpẹ́ yẹn ni wọ́n á wá gbé lọ sí ilé gbogbo èèyàn, kọ̀ǹpútà á sì ro máàkì wọn pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ọ̀kan wò. A fọwọ́ ara wa hun nọ́ńbà wọ̀nyí ni, wọn kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè kankan. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, 8. Òrùlé páànù, 7. Olórí ilé parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, 6. Fóònù, 4. Alùpùpù, 12. Ilé tí kò sí ọmọdé, 10. Èyí tí ọmọ rẹ̀ tó mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òdo. Ẹni tí máàkì rẹ̀ kò bá tó 30 ló máa gbowó.

Opó kan ń dá gbé nínú ilé tí ọkọ rẹ̀ kọ́ kó tó kú. Sìmẹ́ńtì 8, páànù 7, kò sí ọmọdé 10, ó parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 6, fóònù àlòkù 4. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 35. Kò sí owó fún un. Ọkùnrin kan ní ọmọ márùn-ún nínú ilé ewéko tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ amọ̀, kò kàwé, ó ní fóònù, ó sì ń fi alùpùpù gbé èrò. Fóònù 4, alùpùpù 12, gbogbo ìyókù òdo. Ó ní 16, á sì gbà á. Kò sẹ́ni tó purọ́, kò sẹ́ni tó gba rìbá. Ọkọ tó ti kú ló kọ́ ilé, máàkì ilé rẹ̀ ló sì ń lé ìyàwó rẹ̀ jáde. A kì í sáà fi páànù se ọbẹ̀.

Níbo gan-an ni opó ti bọ́ síta?

Àìsàn tó wà nínú ìṣirò yìí ni pé ohun tó ń kà kì í tètè yí padà, bẹ́ẹ̀ ipò èèyàn lè dojú dé lọ́jọ́ kan. Ilé tí baálé kú ní àná ṣì ní páànù lónìí. Bí wọ́n bá wá kọ ìwé náà lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, ẹni tó ti kú ṣì wà níbẹ̀, ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn rẹ̀ kò sí, ilé tó wó kò tíì wó nínú ìwé.

Ibi tí wọ́n gé máàkì sí tún jẹ́ ìṣòro fúnra rẹ̀. Nígbà tí Pakistan dá ètò owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń pè ní Benazir sílẹ̀ ní 2008, ọwọ́ àwọn aṣòfin ni wọ́n kó fọ́ọ̀mù sí pé kí wọ́n pín in. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí i sí máàkì, wọ́n sì gé e sí 16.17 nínú 100. Ẹni tó ní 16.1 wọlé, ẹni tó ní 16.2 ń wòran. Kò sí oníṣirò tó lè sọ fún yín pé ẹni àkọ́kọ́ tòṣì ju ẹnì kejì lọ, torí àṣìṣe tó wà nínú ìṣirò náà fẹ̀ ju àlàfo tó wà láàárín wọn lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n owó kò pọ̀ tó, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gé e síbì kan.

Ẹ tún fi ti ìpín àdúgbò kún un. Kó tó di pé oníbéèrè kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni, àwọn tó wà lókè ti lo àwòrán ilẹ̀ láti pín iye àyè fún àgbègbè kọ̀ọ̀kan. Bí àyè 200 bá kan abúlé tí ilé 600 ti wà nínú ìṣẹ́, 400 máa ṣubú síta, bó ti wù kí máàkì wọn rí. Abúlé kejì tí ìṣẹ́ kò pọ̀ níbẹ̀ lè rí àyè ju aláìní lọ. Nígbà tí ẹ bá gbọ́ pé èèyàn bí i tiyín ní ìlú kejì ń gbà á, ẹ béèrè ìpín àgbègbè kẹ́ ẹ tó béèrè olè.

Asẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Bí ojú asẹ́ bá fẹ̀, èèpo á bá ìyẹ̀fun kọjá. Bí ẹ bá sún un kì, ìyẹ̀fun tó dáa á há sókè pẹ̀lú èèpo. Kò sí asẹ́ tó ń mú méjèèjì tán, bí ẹ bá sì ṣe dín àwọn tó yẹ kó gbowó kù tó ni ìyẹ̀fun tó ń há sókè máa pọ̀ tó. Mo rò pé àwọn ìjọba ń ṣe àṣìṣe kan náà níbí. Àwòrán olówó kan tó gba owó aláìní á jáde nínú ìwé ìròyìn, ìtìjú á mú wọn, wọ́n á sún ojú asẹ́ kì. Opó tó há sókè kò ní oníròyìn.

Wọn kì í sì í sọ máàkì ohun kọ̀ọ̀kan fún aráàlú, kí àwọn èèyàn má bàa gbé alùpùpù pa mọ́ sílé ọ̀rẹ́. Ìdí yẹn yé ni. Àmọ́ òun náà ló ń jẹ́ kí ẹni tí wọ́n já sílẹ̀ gbà pé wọ́n ṣe màgòmágó, torí kò sí bó ṣe lè yẹ ìṣirò náà wò.

Tí ìlú bá yan aláìní fúnra wọn ńkọ́?

Ó dùn ún gbọ́: ta ló mọ aládùúgbò ju aládùúgbò lọ? Ní Indonesia, àwọn olùwádìí dán an wò ní abúlé 640, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2012. Ní àwọn abúlé kan, wọ́n lo máàkì. Ní àwọn mìíràn, wọ́n pe ìpàdé. Níbi ìpàdé, wọ́n na okùn kan láti ògiri dé ògiri: orí kan jẹ́ ti ẹni tó rí jẹ jù, orí kejì ti ẹni tó tòṣì jù. Wọ́n kọ orúkọ ilé kọ̀ọ̀kan sórí káàdì, wọ́n á mú ọ̀kan, ìlú á jíròrò, wọ́n á sì gbé e kọ́ ibi tó yẹ lórí okùn náà.

Nígbà tí wọ́n fi èsì wé iye tí ilé kọ̀ọ̀kan ń ná, máàkì fi díẹ̀ dáa ju ìpàdé lọ. Ṣùgbọ́n inú àwọn ará abúlé dùn sí ti ìpàdé jù, ẹ̀sùn sì kéré níbẹ̀. Ìdí ni pé ohun tí ìlú ń pè ní òṣì kì í ṣe iye tí èèyàn ná lóṣù yìí nìkan. Wọ́n ń wo opó, wọ́n ń wo ẹni tí kò lẹ́bí tó lè ràn án lọ́wọ́, wọ́n ń wo agbára tí èèyàn ní láti wá owó. Ohun tó wú mi jù nínú ìwádìí náà kéré: àwọn ilé tí wọ́n kọ́kọ́ mú káàdì wọn ni wọ́n gbé sí ibi tó tọ́ jù. Bí ìpàdé ṣe ń pẹ́, ó ń rẹ èèyàn, wọ́n kàn ń gbé káàdì kọ́ kí wọ́n lè máa lọ sílé. Ẹni tí káàdì rẹ̀ wà nísàlẹ̀, àárẹ̀ àwọn ẹlòmíràn ló jẹ ẹ́ níyà.

Ìpàdé ní tirẹ̀ tún ní àléébù. Àtìpó, ẹni tó ń yá ilé gbé, ẹ̀yà tí kò pọ̀, ẹni tí òun àti olóyè ń jà, kò sẹ́ni tó máa ń rántí wọn. Ní ìlú ńlá tí èèyàn kò ti mọ orúkọ ẹni tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kò ṣiṣẹ́ rárá. Nàìjíríà náà lo ìpàdé ìlú láti kó ìwé orúkọ rẹ̀ jọ. Síbẹ̀, ní oṣù keje 2023, ìgbìmọ̀ ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè, níbi tí àwọn gómìnà wà, sọ pé àwọn kò fọkàn tán ìwé náà mọ́, pé kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ kó tirẹ̀.

Orúkọ wà nínú ìwé, kí ló dé tí owó kò dé?

Torí pé wíwà nínú ìwé kì í ṣe gbígba owó. Ìwé náà jẹ́ ti gbogbo ilé tí wọ́n ti díwọ̀n; inú rẹ̀ ni ètò kọ̀ọ̀kan ti ń mú ẹni tó fẹ́. Ẹni tó wà níbẹ̀ lè dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún láì sí ètò tó mú un.

Bí wọ́n bá tiẹ̀ ti mú un, ọ̀nà ṣì jìn. Wọ́n á fi orúkọ rẹ̀ wé káàdì ìdánimọ̀, wọ́n á ṣí àkáǹtì tàbí àpò owó orí fóònù fún un, ilé iṣẹ́ ìṣúra á tú owó sílẹ̀, báńkì á fi ránṣẹ́ sí aṣojú tó wà nítòsí. Ibi tó ti ń já jù ni orúkọ. Lẹ́tà kan tó yàtọ̀ láàárín káàdì àti àkáǹtì tó láti dá owó padà, kò sì sẹ́ni tó máa pe yín. Fóònù tó jẹ́ pé orúkọ ọmọ ni wọ́n fi forúkọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ á ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Ìtẹ̀ka náà ń dààmú. Íńdíà ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ onídígíìtì 12 tí wọ́n ń pè ní Aadhaar, tó so mọ́ ìka ọwọ́ àti ẹyinjú. Ìka ẹni tó ti fi ọdún 40 di ọkọ́ mú tàbí tó ń po sìmẹ́ńtì ti dán, ẹ̀rọ kò rí ìlà kankan níbẹ̀ mọ́. Àwọn tí owó náà wà fún gan-an ni ìka wọn ń kọ̀ jù. Ètò tó bá mọ ohun tó ń ṣe á gba ẹyinjú, tàbí nọ́ńbà àṣírí tó wá sórí fóònù, tàbí ẹnì kejì nínú ilé tí wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé ó lè bá a gbà á.

Aṣojú tó ń sanwó ńkọ́? Iṣẹ́ rẹ̀ ni, báńkì tàbí ìjọba ló sì yẹ kó san owó iṣẹ́ náà fún un. Bó bá yọ díẹ̀ níbẹ̀, tó ní ti epo ọkọ̀ ni, olè ni. Ẹni tó bá sì gba owó kó tó kọ orúkọ yín, olè ni òun náà.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń béèrè ìwé ilé ẹ̀kọ́ ọmọ?

Àwọn ètò kan ń fi owó ra ìwà. Mexico bẹ̀rẹ̀ Progresa ní 1997, wọ́n sì fòpin sí i ní 2019: ìyá ló máa ń gbowó nígbà náà, bí ọmọ bá lọ sí ilé ìwé ó kéré tán ọjọ́ 85 nínú 100, tí ìdílé sì lọ fún àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn. Ní ilé ìwé girama, owó ọmọbìnrin ju ti ọkùnrin lọ, nítorí òun ló máa ń tètè fi ilé ìwé sílẹ̀. Bolsa Família tí Brazil dá sílẹ̀ ní 2003 tẹ̀ lé irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ó dáa níbi tí ilé ìwé àti ilé ìwòsàn bá wà nítòsí. Níbi tí wọn kò bá sí, ìyà ni wọ́n ń fi jẹ ìyá nítorí ohun tí ìjọba kò kọ́.

Ní ti ohun tí àwọn kan ń sọ, pé aláìní á kàn fi owó náà mutí: ní 2014, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé Báńkì Àgbáyé kó ìwádìí láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ jọ, wọn kò rí i pé owó tí aláìní ń ná sórí ọtí àti sìgá lọ sókè. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ báyìí.

Bí àjálù bá dé lójijì?

Ìwé tó lọ́ra kò wúlò lọ́jọ́ tí ọ̀dá dé. Ìdí nìyẹn tí Kenya fi kọ orúkọ ilé tó pọ̀ jù ní Turkana, Marsabit, Mandera àti Wajir, tí wọ́n sì ṣí àkáǹtì fún wọn, títí kan àwọn tí kì í gbowó lóṣù tí ara bá dẹ̀. Sátẹ́láìtì ń wo bí koríko ṣe tutù tó. Bó bá ti gbẹ dé ìwọ̀n kan, owó á lọ sí ilé púpọ̀ sí i láì tún sí pé à ń kọ orúkọ.

Togo ṣe tirẹ̀ lórí fóònù ní oṣù kẹrin 2020, nígbà kòrónà. Ètò Novissi lo ìwé orúkọ olùdìbò: èèyàn á tẹ *855#, á fi nọ́ńbà káàdì ìdìbò rẹ̀ sí i, owó á wọlé sórí fóònù. Ní agbègbè Lomé, obìnrin ń gba 12,250 fáránǹkì CFA lóṣù, ọkùnrin 10,500. Nígbà tó kan ìgbèríko, wọ́n fi àwòrán sátẹ́láìtì wá àdúgbò tó tòṣì, wọ́n sì fi bí èèyàn ṣe ń lo fóònù rẹ̀ mọ ẹni tí kò ní. Ó yá kánkán. Ẹni tí kò ní káàdì ìdìbò tàbí fóònù ni kò wà níbẹ̀ rárá.

Wọ́n yọ orúkọ mi, tàbí wọn kò kọ ọ́: kí ni mo lè ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé kọ̀ǹpútà lè yọ orúkọ láì sí ẹni tó wá sílé yín. Ní ìparí 2019, Pakistan fi ìwé orúkọ ètò Benazir wé àwọn ìwé ìjọba yòókù, wọ́n sì yọ èèyàn 820,165. Ẹni tó ní ọkọ̀, ẹni tí òun tàbí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ẹni tí owó fóònù rẹ̀ ju 1,000 rupee lọ lóṣù, ẹni tó ti rìnrìn àjò lọ sí òkè òkun. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò yẹ kó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọmọ rẹ̀ sanwó ọkọ̀ òfuurufú fún lẹ́ẹ̀kan, ó rìnrìn àjò náà. Ìwé kò sọ ẹni tó sanwó.

Ẹ lọ sí ọ́fíìsì ètò náà pẹ̀lú ìbéèrè kan pàtó: ibo ni orúkọ mi dúró sí? Ìdáhùn kì í ju mẹ́rin lọ. Wọn kò tíì wá sílé yín rí: ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n tún máa kọ orúkọ. Wọ́n wá, máàkì yín ga: ẹ ní kí wọ́n ka ohun tí wọ́n kọ nípa ilé yín sí etígbọ̀ọ́ yín, torí ó ṣeé ṣe kí wọ́n ka ìkòkò méjì sí ọ̀kan, tàbí kí wọ́n kọ alùpùpù àlejò mọ́ tiyín. Máàkì dáa, àyè kún: ẹ béèrè bóyá ìwé àwọn tó ń dúró wà. Wọ́n mú yín, owó kò wọlé: káàdì àti àkáǹtì ni kẹ́ ẹ gbé síwájú wọn, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn.

Bí ikú, àìsàn ńlá tàbí iná bá ti ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n wá sílé, ẹ sọ ọ́, kẹ́ ẹ sì mú ẹ̀rí dání, torí máàkì kò lè rí i fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ẹ̀sùn náà sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì gba nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ̀sùn ẹnu kì í kúrò ní tábìlì tí wọ́n ti gbọ́ ọ.